Láti Orí Pápá sí Ilé Ẹ̀kọ́ Okòwò

Ní ìlú Ejigbo, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ṣòro kí ènìyàn tó rí agboolé tí kò ní ará ní Abidjan. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ná ọjà Treichville àti Adjamé, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì ń sọ èdè Faransé bí ẹni mu omi. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Abidjan kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò ní ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ òbí ló sì ti wo àwọn ìràwọ̀ ibẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n yíjú sí ọmọ tiwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù fọ́ fèrèsé kiri, tí wọ́n ní bóyá ibi tí ọlá ilé náà yóò gbà wá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ariwo òǹwòran kì í jẹ́ ká gbọ́. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá pé ọmọ ọdún 35, tí orúnkún ń dùn ún, tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan kò sì pè é mọ́, kí ni yóò fi ọdún tó kù láyé ṣe? Ojúgbà rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di mánìjà ni. Ojúgbà rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbayì ni. Òun nìkan ni iṣẹ́ ti parí lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ lè má tíì jáde ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kan tí àwọn eléré ìdárayá ń gbà báyìí ni ilé ẹ̀kọ́ okòwò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣètò owó, bí a ṣe ń darí òṣìṣẹ́, àti bí a ṣe ń ka ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ tí a ó fi mọ̀ bóyá èrè ló jẹ tàbí gbèsè. Ìwé ẹ̀rí tó lókìkí jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní MBA. Ìtàn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta fi ohun kan hàn nípa ọ̀nà yìí. Ọ̀kan di ìwé mú kí òkìkí tó dé, ọ̀kan kà á nígbà tí òkìkí wà lójú ọpọ́n, ọ̀kan sì kà á lẹ́yìn tí òkìkí bọ́ọ̀lù ti kọjá. Gbogbo wọn ló débẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ná wọn kò dọ́gba.

Ọmọ òṣìṣẹ́ báńkì

Ọdún 1978 ni wọ́n bí Didier Drogba sí Abidjan. Òṣìṣẹ́ báńkì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 5, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Michel Goba, ará ilé wọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ Faransé. Ọdún 3 ni ó lò kí àárò ilé tó gbé e padà sí Abidjan, níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, ọmọ náà sì tún gba Faransé lọ. Ní ọdún 1991, àwọn òbí rẹ̀ pàápàá kó tẹ̀lé e.

Ilé tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òbí rí kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Nígbà tí Drogba ní láti tún kíláàsì kan kà, bàbá rẹ̀ ní kó gbé bọ́ọ̀lù tì ná. Nígbà tó sì dé ìlú Le Mans, tó ń wá ọ̀nà láti di agbábọ́ọ̀lù gidi, ó forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ akáwùǹtáǹtì. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn, nítorí pé nǹkan kò rọgbọ lórí pápá rárá. Ó ń fara pa léraléra, ó sì ti pé ọmọ ọdún 21 kó tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ tó sọ bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ fún un. Ní ọjọ́ orí yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì tàbí kí wọ́n ti di ìràwọ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2004, Chelsea san mílíọ̀nù 24 owó pọ́n-ùn lórí rẹ̀. Ní ọdún 2012, òun ló gbá góòlù tó mú kí Chelsea bá Bayern dọ́gba ní Munich, òun náà ló sì gbá pẹnáritì tó gbé ife Champions League fún wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó kan ọ̀rọ̀ yìí jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2017, nígbà tó lọ sí ẹgbẹ́ Phoenix Rising ní Amẹ́ríkà. Kò lọ síbẹ̀ bí agbábọ́ọ̀lù lásán. Ó lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì bẹ́ẹ̀ ní láti mọ ohun tí owó tó wọlé àti owó tó jáde túmọ̀ sí, yálà ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa tàbí kò gbá a dáadáa.

Ìtàn rẹ̀ kò sì dúró sórí ayọ̀ nìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ó díje fún ipò ààrẹ àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Côte d'Ivoire. Gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ ìbò 21 péré ló rí ní ìpele àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti já a. Idriss Diallo ló wọlé. Orúkọ ńlá lè ṣí ilẹ̀kùn fún ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú yàrá yóò ṣì bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe àti bí yóò ṣe ṣe é.

Àwọn ọmọ Sol Béni

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ní òbí tó lè gbé e lọ sí Faransé. Fún àwọn tó kù ní Abidjan, ọ̀nà tó lókìkí jù ni ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ ASEC Mimosas dá sílẹ̀ ní Sol Béni, ní àdúgbò M'Pouto, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Jean-Marc Guillou, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n sì ń kàwé níbẹ̀. Ní ọdún 1999, ASEC kó àwọn ọmọdé wọ̀nyí wọ pápá láti bá Espérance ti ìlú Tunis díje fún ife Super Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín wọn. Nígbà tí fèrè dún, góòlù 3 sí 1 ni àwọn ọmọ náà fi nà wọ́n.

Láti Sol Béni ni Kolo Touré àti àbúrò rẹ̀ Yaya ti jáde. Ibẹ̀ ni Salomon Kalou, Gervinho, Didier Zokora àti Emmanuel Eboué náà ti jáde. Orúkọ tó gbẹ̀yìn yìí ló yẹ kí gbogbo ilé tó ní ọmọ agbábọ́ọ̀lù fetí sí ìtàn rẹ̀. Eboué gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal, ó wà lórí pápá ní àṣekágbá Champions League ọdún 2006, lẹ́yìn náà ló lọ sí Galatasaray ní Tọ́kì. Ní ọdún 2016, FIFA fòfin de é fún ọdún kan nítorí owó aṣojú rẹ̀ àtijọ́ tí kò tíì san. Sunderland tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á sì fòpin sí àdéhùn wọn lójú ẹsẹ̀. Ní ìparí ọdún 2017, òun fúnra rẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn kan ní Ìlú Ọba pé owó náà ti lọ, pé òun kò gbọ́n tó nínú ọ̀rọ̀ owó, àti pé òun fẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà mìíràn fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n.

Kò sí ẹni tó yẹ kó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá láàárín ènìyàn mẹ́ta. Bí a ṣe ń ka ìwé àdéhùn olójú-ewé ogójì kí a tó fọwọ́ sí i jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹsẹ̀ kò sì lè kọ́ ọ.

Balógun tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá

Nígbà tí Yaya Touré, ọmọ Sol Béni, wà ní Manchester City, Vincent Kompany ni balógun ẹgbẹ́ náà. Ọmọ Bẹ́ljíọ̀m ni Kompany, bàbá rẹ̀ sì wá láti Kóńgò. Pierre ni bàbá náà ń jẹ́. Ó dé Bẹ́ljíọ̀m bí ẹni tó ń sá àsálà, ó kàwé di onímọ̀ ẹ̀rọ, ní ọdún 2018 ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ìlú ní orílẹ̀-èdè náà.

Ní ọdún 2012, ọdún tí City gba ife líìgì Ìlú Ọba lábẹ́ Kompany, balógun yìí bẹ̀rẹ̀ ìwé MBA ní ilé ẹ̀kọ́ okòwò ti yunifásítì Manchester. Ọdún 5 ló fi kà á, díẹ̀díẹ̀, láàárín ìdánrawò, ìrìn àjò, ìfarapa àti ọmọ títọ́. Ní ìparí ọdún 2017, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tó kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lé lórí wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ń rò pé bọ́ọ̀lù kò ní ohun tó lè fún ilé ẹ̀kọ́. Ó wádìí ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fi lè jèrè sí i nínú àǹfààní gbígbá bọ́ọ̀lù nílé, ó sì rí i pé bí owó ìwọlé bá mọ níwọ̀n, àwọn òǹwòran tó ń kọrin yóò pọ̀, agbára ẹgbẹ́ náà yóò sì pọ̀ sí i. Ohun tó ti fi ara rí lórí pápá ló gbé wọ kíláàsì.

Kompany kò dúró kí bọ́ọ̀lù kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kó tó wá ìwé lọ. Ohun tó ná an ni oorun àti àkókò ìsinmi.

Weah: nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìwé ẹ̀rí

Ẹnikẹ́ta wá láti Làìbéríà, orílẹ̀-èdè tó bá Côte d'Ivoire pààlà ní ìwọ̀ oòrùn. Ìyá bàbá George Weah ló tọ́ ọ dàgbà ní Clara Town, àdúgbò àwọn tálákà ní Monrovia. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kí bọ́ọ̀lù tó gbé e kúrò níbẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Monaco, Paris Saint-Germain àti Milan, ní ọdún 1995 sì ni ó gba Ballon d'Or. Títí di òní, kò sí ọmọ Áfíríkà mìíràn tó tíì gbà á.

Ní ọdún 2005, ó díje fún ipò ààrẹ Làìbéríà. Òun ló ṣíwájú ní ìpele àkọ́kọ́, àmọ́ Ellen Johnson Sirleaf, ẹni tó ti kàwé ní Harvard tó sì ti ṣiṣẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ owó fún ọdún pípẹ́, ló borí ní ìpele kejì. Ní gbogbo àsìkò ìpolongo náà, ọ̀rọ̀ kan ni àwọn alátakò ń tẹ̀ mọ́ ọn lórí: kí ni ọkùnrin yìí kà?

Weah lè bínú, ó sì lè fi owó rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ 40 ọdún ni nígbà tó gba ìwé ẹ̀rí ilé ìwé girama ní ọdún 2007. Lẹ́yìn náà ló wọ yunifásítì DeVry ní Amẹ́ríkà láti kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò, ó gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 2011, ó sì gba oyè kejì nínú ìṣàkóso ìjọba ní ọdún 2013. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Ní ọdún 2023, àwọn olùdìbò tún gbé e kúrò, ó sì gbà láìjà. Ìwé ẹ̀rí kò sọ ọ́ di ẹni tí kò lè fìdí rẹmi. Ohun tó ṣe fún un ni pé kò sẹ́ni tó tún lè fi àìkàwé rẹ̀ ṣẹ́ ẹ lẹ́nu.

Ẹ wo iye tó ná an. Ohun tí Drogba ti ní lọ́wọ́ kó tó lókìkí, ẹni 40 ọdún ni Weah kó tó rí i, lẹ́yìn tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti wò ó bó ṣe ń pàdánù.

Ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè

Fún eléré ìdárayá tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí ní Abidjan, ilé ẹ̀kọ́ kò jìnnà. MDE Business School wà nínú ìlú náà, tó ń kọ́ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní àjọṣe pẹ̀lú IESE ti ilẹ̀ Spéènì, gẹ́gẹ́ bí Lagos Business School tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 náà ṣe ní. Àwọn tó bá fẹ́ kí ẹ̀kọ́ wọn dá lórí eré ìdárayá gan-an lè gbìyànjú FIFA Master, tó ti wà láti ọdún 2000, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà ní yunifásítì mẹ́ta: ní Leicester, Milan àti Neuchâtel. UEFA náà ní ètò tirẹ̀ fún àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wọn, pẹ̀lú yunifásítì kan ní Limoges àti òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹnu ọ̀nà ni ìṣòro wà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ okòwò ń béèrè fún MBA ni oyè yunifásítì àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ti ń padà sẹ́yìn, nítorí pé ọmọ ọdún 16 ni wọ́n nígbà tí wọ́n fi kíláàsì sílẹ̀. Ohun kejì ni ìdánwò. GMAT ni èyí tó gbajúmọ̀ jù, ó ń gba wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15, ó sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ìṣirò, òye ohun tí a kà, àti bí a ṣe ń túmọ̀ àkójọ nọ́ńbà. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ kò ju ti ilé ìwé girama lọ, àmọ́ ẹni tó ti fi ogún ọdún sílẹ̀ láìṣe ìṣirò yóò ní láti padà sídìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ohun kẹta ni lẹ́tà ìjẹ́rìí, méjì lọ́pọ̀ ìgbà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lè kọ ọ̀kan, pàápàá bí ó bá lè sọ bí ẹni náà ṣe darí àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ó dára kí èkejì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó rí i níbi tó ti ń ṣètò owó tàbí iṣẹ́: alága àjọ aláàánú tó dá sílẹ̀, tàbí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó bá a ṣòwò.

Àròkọ ló tẹ̀lé e, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí tí ẹni náà fi fẹ́ wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn eléré ìdárayá máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọn a ka iye ife tí wọ́n gbà àti iye góòlù tí wọ́n gbá. Àwọn tó ń ka àròkọ náà ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, tàbí kí ó má tilẹ̀ kàn wọ́n. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni ọjọ́ tí owó oṣù kò wọlé fún ẹgbẹ́, tí balógun ní láti bá alága sọ̀rọ̀ ní orúkọ gbogbo wọn. Wọ́n fẹ́ gbọ́ bí ẹni náà ṣe mú àwọn méjì tó ń jà nínú yàrá ìmúra parí ìjà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ṣe ní oṣù mẹ́sàn-án tí orúnkún rẹ̀ fi wà nínú báńdéèjì. Iṣẹ́ ìṣàkóso ni gbogbo ìyẹn. Ẹni tó ṣe é gan-an ni kì í mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Ìwé àti bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kan náà

Ilẹ̀ wa náà kò ṣaláìní àpẹẹrẹ. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn kó tó gbá góòlù méjì wọlé Algeria nínú àṣekágbá ife Áfíríkà ọdún 1980, ó sì padà dá ilé ìwé eré ìdárayá sílẹ̀ ní Wasimi, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Adokiye Amiesimaka tí wọ́n jọ gba ife náà kàwé lọ́yà, ó sì di kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ṣẹ̀yí Ọlọ́fínjànà kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Wolves, ó sì di ọ̀gá ètò eré ìdárayá fún Grasshopper ní Zürich.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìwé dí lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù. Ohun tí ìtàn wọn àti ti àwọn mẹ́ta tó ṣáájú ń kọ́ àwọn òbí kò le. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánwò girama rẹ̀, kó sì yege nínú ìṣirò, bí ẹgbẹ́ tilẹ̀ ń pè é láti òkè òkun. Bí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan bá fẹ́ gbà á, ẹ béèrè ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìwé àti wákàtí tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, kí ẹ tó béèrè ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tà wọ́n sí. Ìwé àdéhùn kankan kò gbọdọ̀ gba ìbuwọ́lù kí ẹni tó mọ òfin, tí aṣojú kọ́ ló mú un wá, tó kà á fún ìdílé. Bí owó bá sì ti ń wọlé, kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù, iye tó wọlé àti ibi tó gbà lọ. Ẹ̀kọ́ okòwò àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì ná ẹnikẹ́ni ju owó ìwé kékeré kan lọ.

Ẹni tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ náà kò tíì pẹ́ jù. Ẹni 40 ọdún ni Weah nígbà tó gba ìwé ẹ̀rí girama. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ṣì wà nínú ilé, tó ń gbé báàgì ìwé ní èjìká kan, tó gbé bàtà bọ́ọ̀lù kọ́ èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún un pé kó ju ọ̀kan sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tó bá gbà báyìí ni fọ́ọ̀mù yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá sinmi.